Bí a ṣe ń tọ́ cigar wò ní Èkó: kí ẹ tó ní kò dára, ẹ mọ ibi tí ẹ̀bi wà

Ẹni tó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń mu cigar ní Ìkòyí, ní Victoria Island tàbí ní GRA Ìkẹjà á máa gbọ́ pé èyí “le”, ìyẹn “wúwo”, òmíràn “dùn”. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Èkejì tún burú jù ú lọ. Bí cigar bá korò, bí kò bá fà, bí ó bá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó rà á á ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló lu òun ní jìbìtì. Ní Èkó, ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ibi tí wọ́n kó cigar pamọ́ sí ni, tàbí ọwọ́ ẹni tó ń mu ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí a tó fún cigar ní máàkì, ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń fún: ewé, ẹni tó yí i, ẹni tó tọ́jú rẹ̀, tàbí àwa fúnra wa.

Tábà ni cigar o. Pé a kì í fa èéfín rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró kò ní kó má fa jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun àti gògóńgò, cigar ńlá kan ṣoṣo sì lè ní tábà tó tó ti odindi páálí sìgá nínú. Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò gbà kí a tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2014 tó ka mímu tábà léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí ará ìlú ń péjọ sí. Àgbàlagbà tó ti pinnu pé òun á mu ún ni a kọ èyí fún.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Cigar tí wọ́n fi ọwọ́ yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin là ń sọ. Ewé tábà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí bébà, kò sí fíltà. Ewé inú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó pọ̀ ní gígùn, ewé méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ìdè ló ń dì wọ́n mú. Ewé ìta, tó rẹwà jù tó sì wọ́n jù, ló ń bo gbogbo rẹ̀. Apá tí a ń gé tí a sì ń fi sẹ́nu ni orí, fìlà sì wà lórí rẹ̀: ewé kékeré tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù inú ewéko lẹ̀ mọ́ ọn kí ewé ìta má baà tú. Apá kejì tí a ń tanná ràn ni ẹsẹ̀.

Ewé inú kì í ṣe oríṣi kan. Lókè igi tábà, níbi tí oòrùn ti ń pa á jù, ni ewé tí àwọn ará Cuba ń pè ní ligero ti ń wá. Òun ló le jù, kì í sì í tètè jó. Àárín igi ni seco ti ń wá, òun ló ni òórùn dídùn. Ìsàlẹ̀ ni ti volado, tí ìtọ́wò rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí iná ń ràn lára rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń fi ligero sí àárín gbùngbùn. Bí ó bá ṣèèṣì fi í sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa falẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì ti jó lọ jìnnà. Bí ó bá ki ewé pọ̀ jù tàbí tó lọ́ ọ síbì kan, èéfín ò ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ̀bi ẹni tó yí i nìwọ̀nyí, kò sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ewé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn tí ewé bá ti gbẹ, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì gíga, ooru á sì mú láti inú òkìtì náà fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, bí àgbẹ̀ kòkó ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kóró kòkó tútù kí ìkorò rẹ̀ lè dínkù. Ní gbogbo àsìkò yìí ni ammonia ń jáde lára ewé. Èyí tí wọ́n bá kánjú yọ ṣì máa ní òórùn tó ń ta nímú yẹn, á sì máa ta ahọ́n. Bí ẹ bá bá a pàdé nínú cigar, kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ dá ìyókù padà sínú àpótí fún oṣù díẹ̀, ó lè dínkù.

Àwọ̀ ewé ìta ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Wọ́n á rí cigar dúdú, wọ́n á ní “èyí á pa ènìyàn”. Èyí tí wọ́n ń pè ní maduro dúdú nítorí pé wọ́n fi ooru ṣiṣẹ́ lórí ewé rẹ̀ pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, iṣẹ́ yẹn sì sábà máa ń fún un ní adùn díẹ̀, ti kòkó tàbí ti ṣúgà tó ti fẹ́ jó. Àwọ̀ kò sọ bí ewé inú ti le tó. Cigar aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ligero kún inú rẹ̀ lè dá alágbára jókòó. Ewé ìta kan tún wà tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí wa: ti Kamẹrúùnù, tí irúgbìn rẹ̀ wá láti Sumatra ní Indonesia, tí wọ́n ń gbìn ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Tín-ínrín ni, bí ẹ bá fi ìka pá a ẹ ó gbọ́ kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ó sì ní òórùn èròjà ọbẹ̀ pẹ̀lú adùn díẹ̀. A gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìtọ́wò nímọ̀ràn pé kó wá a, nítorí ìtọ́wò rẹ̀ yàtọ̀, kì í sì í ṣòro dá mọ̀.

Líle, ìwúwo, ìtọ́wò

Líle ni agbára nikotíìnì. Ara ló ń gbọ́ ọ, ahọ́n kọ́: orí á máa fò lọ, òógùn tútù á bo iwájú orí, inú á máa ru. Ìwúwo ni bí èéfín ṣe kún ẹnu tó, bóyá ó fúyẹ́ tó sì tètè pòórá, tàbí ó ki tó sì lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Ìtọ́wò ni ohun tí ahọ́n àti imú jọ rí. Cigar kan lè wúwo, kí ìtọ́wò rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ó má sì le rárá. Òmíràn lè le débi pé ó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, kí ó má sì ní ìtọ́wò kan gbòógì. Bí ẹ bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má mu ún lórí ebi. Ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀ tó wá tanná ran cigar líle ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á dá a lẹ́bi fún ohun tí ebi ṣe. Bí ó bá ń gbé yín, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ mu omi, ẹ sì mu ohun tó ní ṣúgà.

Ọ̀rinrin Èkó àti ẹ̀rọ amúlétutù

Ibí ni ọ̀ràn wà jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ọ̀rinrin 65% sí 70% ni cigar fẹ́, pẹ̀lú dígírì 18 sí 20 Celsius. Ẹ wá wo Èkó. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin ìta máa ń kọjá 80%, ooru ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń kọjá dígírì 30. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ yẹn ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, cigar tí wọ́n bá tò sórí pẹpẹ níbẹ̀ láìbò á sì ti máa gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, láàárín December sí February, gbígbẹ á tún kún gbígbẹ. Nínú ilé kan náà ní Sùúrùlérè, cigar kan lè wú kí òmíràn sì sán. Yàrá tí kálukú wà ló yàtọ̀.

Cigar tí omi pọ̀ lára rẹ̀ máa ń wú. Ewé ìta rẹ̀ lè ya nígbà tí iná bá dé ibẹ̀, nítorí ewé inú ń fẹ̀ ju bí ewé ìta ṣe lè nà lọ. Kì í fà dáadáa, iná rẹ̀ ń kú lemọ́lemọ́, ó sì ń kan lẹ́nu. Èyí tó gbẹ ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ gbóná, ó sì ń ta ahọ́n. Ẹ lè dá omi padà sára èyí tó gbẹ, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ òróró ewé tó ti bá gbígbẹ lọ kò ní padà, òun ló sì ni púpọ̀ nínú ìtọ́wò. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ó yẹ kó rọ̀ díẹ̀ kó sì padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti gbẹ. Bí ó bá rọ̀ tí kò padà, omi ti pọ̀ jù.

Ìmọ̀ràn wa lè má dùn mọ́ ẹni tó ti ra àpótí onígi olówó ńlá. Fún ilé ní Èkó, rọ́bà oúnjẹ tó ní rọ́bà yípo ìdérí rẹ̀, tó ń dé pa tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, dára ju ọ̀pọ̀ àpótí onígi lọ. Igi Cedrela tí wọ́n fi ń ṣe inú humidor, ìyẹn àpótí ìpamọ́ cigar, dára lóòótọ́, òórùn rẹ̀ bá tábà mu. Ṣùgbọ́n bí ìdérí kò bá dé dáadáa, ọ̀rinrin ìta ni yóò máa jọba nínú rẹ̀. Ẹ fi cigar sínú rọ́bà náà pẹ̀lú àpò Boveda oní-65% tàbí 69%. Àpò yẹn ń fúnni lómi bí inú rẹ̀ bá gbẹ, ó sì ń gba omi bí ó bá pọ̀, èyí tí kànrìnkàn tí wọ́n rẹ sínú omi kò lè ṣe. Àpò gíráàmù 60 kan tó cigar 25. Bí ó bá le gbáú, ó ti tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń wú sí i, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibì kan.

Ẹ gbé e sí ibi tó tutù jù nínú ilé, sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé àti orí fíríìjì tó máa ń gbóná. Inú fíríìjì gan-an kọ́ o: ó ń mú un gbẹ, ewé tábà sì ń fa òórùn mọ́ra. Cigar tó bá sùn ti ẹja gbígbẹ àti irú á sọ fún yín lẹ́nu.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, hygrometer, máa ń purọ́, pàápàá èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó rin ṣùgbọ́n kó má yọ́, ẹ fi òun àti hygrometer náà sínú ọ̀rá tó ń dé pa, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ó gbọ́dọ̀ ka 75%. Bí ó bá ka 71%, ẹ máa fi 4 kún ohunkóhun tó bá kà láti ọjọ́ yẹn lọ.

Kòkòrò ni ọ̀tá kejì. Lasioderma serricorne ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ẹyin rẹ̀ lè ti wà nínú ewé láti oko, kó má sì pa títí ooru á fi kọja dígírì 24 tàbí ibẹ̀ yẹn. Ní Èkó, a mọ̀ pé ọjọ́ tí ooru kò tó bẹ́ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Ihò róbótó kékeré lára ewé ìta àti ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí ni àmì rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà sínú ọ̀rá méjì tó ti fún pa, ẹ fi sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sí inú fíríìjì fún ọjọ́ kan, kó tó wá bọ́ síta, kí ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí gbogbo ìtutù á fi lọ. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, ewé ìta á sán. Bí iná bá lọ débi tí fírísà fi yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́ta yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èéhù funfun, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró tó rí wúruwùru ń wá láti inú ọ̀rinrin tó pọ̀ jù. Bí ó bá ti wọ inú ẹsẹ̀ cigar, ẹ dà á nù. Ẹ má gba ẹni tó bá ní ọjọ́ orí ló mú un funfun gbọ́ láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ kò lè jẹ́ ti ọjọ́ orí.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú náà wà níbí, nítorí kò sẹ́ni tó lè tọ́ ohun tí kì í ṣe òun wò. Cohiba, ọ̀kan nínú cigar Cuba tó lórúkọ jù, kì í wá nínú àpótí tó ní gíláàsì lójú. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, ayédèrú ni. Nísàlẹ̀ àpótí cigar Cuba òde òní, wọ́n máa ń tẹ “Habanos s.a.”, “Hecho en Cuba” àti “Totalmente a mano” mọ́ igi, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí wọ́n dì í. Ẹ yí àpótí padà kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó tanná

Ẹ fún cigar tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú rọ́bà yín kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Fún ìtọ́wò, ìwọ̀n robusto tó: gígùn ínṣì márùn-ún, ring gauge 50. Ring gauge ni fífẹ̀ rẹ̀ bí a bá pín ínṣì kan sí ọ̀nà 64, nítorí náà 50 fẹ́ẹ̀ tó 20 mìlímítà. Yóò gbà yín tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ata tàbí súyà, ẹ dúró fún bíi wákàtí kan, torí ahọ́n tí ata ti jó kò lè jẹ́rìí. Omi nìkan ni kí ẹ máa mu bí ẹ bá ń ṣe ìdájọ́. Brandy lè dúró dìgbà míì. Kí ẹ sì pa fáànù tó wà lókè orí yín. Ọ̀pọ̀ cigar tí wọ́n ní kò jó déédéé ní Èkó, fáànù ló ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀.

Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ibi tó le ju ìyókù lọ lè dí. Ibi tó rọ̀ jù, ewé inú kò tó níbẹ̀, èéfín á sì gbóná. Ẹ gbóòórùn ewé ìta, kí ẹ gbóòórùn ẹsẹ̀. Ẹ wá fi cutter, abẹ tí wọ́n ṣe fún un, gé orí rẹ̀ bíi mìlímítà méjì péré. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ibi tí fìlà parí sí, kí ẹ sì gé lókè rẹ̀. Bí abẹ bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, ewé ìta á tú. Eyín kọ́ ni a fi ń gé e.

Ẹ fà á láìtíì tanná. Ìfà yìí ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ ló sì ń fò ó. Ẹ ó rí ìtọ́wò ewé lásán, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ọ̀nà là. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wọnú kí afẹ́fẹ́ tó wá, ẹ gé mìlímítà kan sí i, tàbí kí ẹ fi ìka rọra pọ́n ibi tó le. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin: ẹ dá a padà sínú àpótí oní-65% fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Cigar tó dí nítorí omi máa ń là bẹ́ẹ̀; èyí tí ẹni tó yí i ló dì í pa kì í là.

Làítà oníbutane tàbí ìṣáná onígi ni kí ẹ lò. Làítà oníbẹntiróòlù àti àbẹ́là máa ń fi òórùn wọn sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣáná, ẹ jẹ́ kí imí ọjọ́ orí rẹ̀ jó tán ná. Ẹ di ẹsẹ̀ cigar mú lókè iná, kó má kan án, ẹ máa yí i títí etí rẹ̀ á fi dúdú yípo. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi sẹ́nu, kí ẹ máa fà á kí ẹ sì máa yí i. Ẹ fẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: gbogbo ojú rẹ̀ ló yẹ kó pọ́n. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣì dúdú, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ahọ́n, imú àti sùúrù

Ẹ má kọ ohunkóhun sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Iná ìtànràn ṣì wà nínú ìtọ́wò.

Ìfà kan ní ìṣẹ́jú kan, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta. Òfin yìí ló ń gba cigar là jù. Ẹni tó ti mọ sìgá lára á máa fà á léraléra, iná á gbóná, òróró ewé á jó dípò kó di òórùn, ìkorò á sì dé. Kò sí ewé tó lè dúró níwájú irú ìfà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó. Bí ó bá ti korò, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ẹnu jáde gba inú rẹ̀ kí ẹ tó tún fà á. Bí ẹ bá sì falẹ̀ jù, iná á wọ inú lọ, á fi ewé ìta sílẹ̀ láìjó. Ẹ yọ eérú, kí ẹ tún etí rẹ̀ tanná.

Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, iyọ̀, kíkan, ìkorò àti adùn ẹran inú omi ọbẹ̀ lọ. Gbogbo “kòkó”, “awọ” àti “igi” tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n mu, imú ló rí i. Ẹ dì imú mú kí ẹ jẹ ẹ̀pà sísun, ẹ ó rí i pé ìtọ́wò ẹ̀pà lọ, iyọ̀ nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni cigar. Ẹ fa èéfín sẹ́nu, ẹ má gbé e wọ àyà. Ẹ tú púpọ̀ rẹ̀ jáde lẹ́nu, ẹ pa ètè dé, kí ẹ sì rọra ti ìwọ̀nba tó kù jáde gba imú. Á kọ́kọ́ ta yín. Ìdá kan nínú márùn-ún èéfín tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ìdá kọ̀ọ̀kan bí a bá pín cigar sí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kò tíì tọ́ cigar wò, ó kàn mu ún ni.

Ẹ má yá ìtọ́wò ẹlòmíràn lò. Kò sídìí láti kọ orúkọ èso tí ẹ kò jẹ rí. Ẹ̀pà sísun, kòkó gbígbẹ, kọfí tí kò ní mílíìkì, iyèré, ata gbígbẹ, pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn là, bàtà aláwọ tuntun, ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, oyin, koríko gbígbẹ: gbogbo wọn wà nínú cigar, gbogbo wa la sì mọ̀ wọ́n. Bí ẹnu bá ń gbẹ tó ń fà pọ̀ bí ẹni jẹ obì, ẹ kọ obì. Bí ìkorò bá mọ́ tó sì lọ láìfi ohun búburú sílẹ̀, ẹ kọ orógbó. Ìkorò orógbó kì í ṣe àléébù nínú cigar. Ìkorò èéfín tó jó ni àléébù.

Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ìdá àkọ́kọ́ ni ata tàbí igi ti sábà máa ń hàn. Ìdá kejì ni gbogbo ewé ti ń bára wọn mu, ibẹ̀ ni cigar tó dára ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ní ìdá kẹta, nikotíìnì àti òróró tó ti ń ṣẹ́ jọ láti ẹ̀yìn wá ń mú un le sí i, èéfín náà sì ń gbóná. Bí ó bá ti ń jó ìka tàbí ìkorò kò lọ mọ́, ó parí. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó mu ún kan ètè.

Eérú tó le tó sì dúró tó sẹ̀ntímítà méjì ààbọ̀ fi hàn pé wọ́n to ewé inú rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀ eérú ní tirẹ̀ ń bá ohun tó wà nínú ilẹ̀ oko lọ, a kò lè fi funfun rẹ̀ mọ ìtọ́wò.

Máàkì

Cigar Aficionado, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ló sọ máàkì lórí ọgọ́rùn-ún di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Wọ́n ń yọ bébà orúkọ, èyí tí wọ́n fi yí ara cigar ká, kúrò kí wọ́n tó mu ún, 90 sí 94 sì ti ga gan-an lójú wọn. 85 kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n cigar tí wọ́n fún ní 93 kò sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní Yábàá nínú oṣù March.

Ẹ ṣe tiyín. Ẹ fún bó ṣe fà àti bó ṣe jó ní 30, ìtọ́wò ní 40, bí ó ṣe yí padà láti ìdá kan sí èkejì ní 10, àti bí ìtọ́wò rere ṣe pẹ́ tó lẹ́nu lẹ́yìn tí èéfín bá jáde ní 20. Líle kò gbọ́dọ̀ ní máàkì kankan. Ẹ kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ọ̀rẹ́ kan bá yín bọ́ bébà orúkọ náà kí ẹ má mọ èyí tó jẹ́, torí orúkọ ńlá àti owó ńlá ń fi máàkì kún ara wọn láìjẹ́ pé a mọ̀.

Cigar kan kò tó fún ìdájọ́. Ẹ ra mẹ́ta nínú àpótí kan náà, kí ẹ mu wọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá dí tí méjì sì là, ọwọ́ ẹni tó yí i ló ṣì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wú tàbí tí wọ́n ń sán, ibi ìpamọ́ ni, yálà ti ẹni tó tà á tàbí tiyín, hygrometer tí ẹ ti fi iyọ̀ dán wò ni yóò sì sọ ti ẹni tó jẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ta nímú pẹ̀lú ammonia, ewé ni. Bí ẹ̀yin bá ní ó korò tí ọ̀rẹ́ tó ń mu irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sì ní kò korò, ẹ wo aago kí ẹ ka ìfà yín. Èyí tó bá dí pátápátá, ẹ má gbìyànjú láti mu ún tán: láti ìfà tí ẹ kò tíì tanná ni kí ẹ ti dá a padà fún ẹni tó tà á, torí èyí tó bá ti jó dé ìdajì, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa gbà á.